Ẹnu Ta Ni Ó Rọrùn Fún?

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá rí i pé ọ̀ràn èdè àtọwọ́dá ni mo fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn wa yìí, àwọn mìíràn yóò wí pé, "Èwo ni ti èyí? Èdè tí Ọlọ́run fi fún wa kò ha tó wa í sọ bí?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi títí dé òpin. Nígbà tí a bá dé ibẹ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀ràn náà kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì wa.

Ìbàdàn ni a bí mi sí, àwọn ará ilé wa kò sì ya ìró s àti ṣ sọ́tọ̀ kúrò lára wọn. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ, olùkọ́ kan pè mí jáde síwájú kíláàsì, ó ní kí n ka ẹsẹ kan tí "ṣùgbọ́n" wà nínú rẹ̀. Mo kà á ní "sùgbọ́n". Ó ní kí n tún un kà. Bákan náà ni mo tún pè é. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, mo jẹ ẹgba mẹ́ta, a sì sọ fún mi pé ọ̀lẹ ni ahọ́n mi. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ fún ọdún púpọ̀.

Ní sáà tí ó kọjá, nígbà tí a rán wa lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ọmọdékùnrin kan dìde láti kàwé fún mi. Nígbà tí ó dé ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ "school" sí, ó pè é ní "sùkúù". Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò sì la ẹnu rẹ̀ mọ́ títí agogo fi lù. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń ka ìtàn àwọn tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn dá èdè sílẹ̀. Bí mo ti ń kà á, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń tì mí.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí: kò sí ìró tí ó le fúnra rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó rọrùn fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wí pé ìró kan rọrùn, ó yẹ kí a bi í léèrè pé: ẹnu ta ni ó rọrùn fún? Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ètò ìró fún èdè tuntun tí kò sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, èdè ilé ara rẹ̀ ni yóò tún dá, yóò sì rò pé ti gbogbo ayé ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rí. Ní ọdún 1879, Johann Martin Schleyer, àlùfáà Ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ èdè kan tí ó fẹ́ kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó pè é ní Volapük. Ó ro ti àwọn ará Ṣáínà, ó gbà pé ìró r yóò ni wọ́n lára, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé r kúrò nínú èdè náà pátápátá. Orúkọ èdè náà fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn: vol, tí í ṣe ayé, ni ó ṣẹ́kù nígbà tí ó gé "world" ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrú, pük sì ni ọ̀rọ̀ sísọ. Inú rere ni ó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó fi sílẹ̀: ö àti ü, ìró tí ó ti wà lẹ́nu ará Jámánì láti kékeré, tí ó sì jẹ́ àjèjì sí ará Ítálì, sí ará Gẹ̀ẹ́sì àti sí Yorùbá. Ü wà nínú orúkọ èdè náà gan-an! Schleyer gbé igi kúrò lójú ọ̀nà àlejò, ṣùgbọ́n kò rí àpáta tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tirẹ̀, nítorí láti ìgbà tí ó ti ń rákòrò ni ó ti ń gùn ún. Ní ọdún 1889 wọ́n fi Volapük sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ńlá kan ní Paris. Lẹ́yìn náà ìjà àtúnṣe tú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ká. Nígbà tí Arie de Jong tún èdè náà ṣe ní ọdún 1931, ó mú r padà wọlé.

Ẹnìkejì ni L. L. Zamenhof, oníṣègùn ojú, tí a bí ní ọdún 1859 ní ìlú Białystok. Àwọn Júù, àwọn ará Poland, àwọn ará Rọ́ṣíà àti àwọn ará Jámánì ń gbé ìlú náà pọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú èdè tirẹ̀, wọn kò sì fẹ́ràn ara wọn. Zamenhof gbàgbọ́ pé bí wọ́n bá ní èdè kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, ọ̀tá náà yóò rọ̀. Ní ọdún 1887 ni ó tẹ ìwé Esperanto jáde ní Warsaw. Ohun tí gbogbo olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọdé ní a, b, d yóò yìn ín fún ni ó ṣe: lẹ́tà 28, ìró kan ṣoṣo fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, fáwẹ̀lì 5 péré. Ẹni tí ó bá ti mọ àwọn lẹ́tà náà lè ka ọ̀rọ̀ tí kò fojú kàn rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu wa pe díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ŝtrumpo ni ìbọ̀sẹ̀. Ìró ṣ, t àti r ni ó tò tẹ̀lé ara wọn kí fáwẹ̀lì kan tó dé. Ará Poland kò ní mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Ẹnu Yorùbá yóò kọsẹ̀, yóò sì fi fáwẹ̀lì sáàárín wọn kí ó lè rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀: ṣùtúrúńpò. Zamenhof ka iye ìró, ó sì dín wọn kù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tò ti ara wọn ni kò fi bẹ́ẹ̀ dí. Nítorí ètò ìró kì í ṣe àpò tí a kó ìró sí lásán. Òfin ni: òfin tí ń sọ èyí tí ó lè dúró ti èkejì, èyí tí ó lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àti èyí tí ó lè parí rẹ̀.

Kí a má ṣe fi àwọn òyìnbó wọ̀nyí ṣẹ̀sín. Ká ní Yorùbá kan ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Abẹ́òkúta ni ó jókòó láti dá èdè gbogbo ayé sílẹ̀, kí ni ì bá ṣe? Kì bá jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kan ara wọn, kì bá sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan parí sí kọ́ńsónáǹtì. Ì bá wí pé òun ti ṣe ayé lóore. Lẹ́yìn náà ì bá fi gb sí i láìronú, nítorí ta ni kò lè pe "gbogbo"? Ì bá fi p tiwa sí i, èyí tí í ṣe k àti p tí a pè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì tàbí nínú Faransé. Ì bá sì fi ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé e lórí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Bí ìyá kan láti Paris bá wá dé ibùdókọ̀, tí ó ní ọkọ ni òun ń wá, ọkùnrin wa yìí yóò wí pé ọ̀lẹ ni ahọ́n rẹ̀.

Àwọn kan yóò dáhùn pé, "Ẹ sáà dín ìró kù títí kò fi ní sí ẹni tí kò lè pè wọ́n." A ti dán èyí wò pẹ̀lú. Jean-François Sudre, ará Faransé, ṣe èdè Solresol, a sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1866 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Sílébù 7 péré ni ó lò, orúkọ ìró orin tí gbogbo akọrin mọ̀: do, re, mi, fa, sol, la, si. A lè sọ ọ́, a lè kọ ọ́ lórin, a sì lè fi fèrè fọn ọ́n. Nínú rẹ̀, Domisol ni Ọlọ́run. Yí i padà, Solmido ni Sátánì. Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ti súnmọ́ ara wọn tó! Nígbà tí ìró kò bá pọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ á jọra jù, tàbí kí wọ́n gùn jù. Àwọn onílù wa ti mọ èyí tipẹ́. Dùndún kò lè pe kọ́ńsónáǹtì, ohùn ni ó ń gbé. Nítorí náà onílù kì í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí ó sì dákẹ́. Odidi gbólóhùn oríkì ni yóò lù, kí etí lè mọ ẹni tí ó ń kì.

Ní ọdún 2001, Sonja Lang ará Kánádà gbé toki pona jáde, ó sì ṣọ́ra ju Sudre lọ: kọ́ńsónáǹtì 9, fáwẹ̀lì 5, àti ọ̀rọ̀ bí 120 péré nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní ọdún 2014, tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi kọlu ara wọn. Síbẹ̀síbẹ̀, pona, tí í ṣe "rere", bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú p tí kò sí nínú ìró Yorùbá, tí kò sì sí nínú Lárúbáwá inú ìwé. Nínú èdè tí ó kéré jù lọ pàápàá, ẹnu ẹnìkan yóò ṣíṣẹ́.

Ẹni tí ń dá èdè fún ìtàn ní òmìnira jù wọ́n lọ, nítorí kò ṣe ìlérí kankan fún gbogbo ayé. J. R. R. Tolkien, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, fẹ́ràn ìró èdè Finland, ó sì fi adùn rẹ̀ sínú Quenya: kọ́ńsónáǹtì méjì kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í sì í parí bí kò ṣe sí fáwẹ̀lì tàbí sí l, n, r, s tàbí t. Marc Okrand, tí ó ṣe èdè Klingon fún sinimá kan tí ó jáde ní ọdún 1984, wá ìró tí kì í sábà gbé pọ̀ nínú èdè kan, kí ó lè dún bí èdè àwọn tí kì í ṣe ènìyàn. Ọ̀kan dùn létí, èkejì ha ní ọ̀fun. Àwọn méjèèjì yege, nítorí olúkúlùkù mọ ẹni tí yóò sọ èdè rẹ̀ àti ìdí tí yóò fi sọ ọ́.

Ọ̀ràn yìí ti kan ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Alex Igbineweka bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀rọ̀ láti inú àwọn èdè Nàìjíríà láti fi ṣe èdè kan tí ó pè ní Guosa, kí ẹ̀yà lè máa gbọ́ ẹ̀yà yé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dáwọ́ lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò pàdé ìbéèrè wa lójú ọ̀nà. Haúsá ní z, Yorùbá kò ní. Yorùbá ní gb, Haúsá kò ní. Ohùn 3 ni tiwa, 2 ni ti Haúsá. Ta ni yóò yà fún ta? Èrò tèmi ni pé kí aṣètò kọ́kọ́ jókòó ti àwọn tí yóò sọ èdè náà, kí ó fi etí sí bí olúkúlùkù ti ń pe ìró, kí ó sì gba ìpè méjì láàyè níbi tí ìyàtọ̀ wọn kò bá yí ìtumọ̀ padà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí kíláàsì. Ọmọ tí ó pe "school" ní "sùkúù" kò ṣe ọ̀lẹ. Òfin ni ó ń pa mọ́. Òfin yẹn ni ó sọ "slate" di síléètì, tí ó sọ "bread" di búrẹ́dì, kò sì sí ẹni tí ó nà wá nítorí rẹ̀. Ọmọ kékeré tí ó lè mú ọ̀rọ̀ àjèjì, kí ó sì tún un tò bí òfin ilé rẹ̀ ti wí lójú ẹsẹ̀, láìsí ẹni tí ó kọ́ ọ, ọlọ́gbọ́n ọmọ ni. Bákan náà ni ọmọ Ìbàdàn tí ó wí pé "sùgbọ́n". Ẹ rántí orí 12 nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, bí àwọn ará Gileadi ti dúró ní ìwọdò Jọ́dánì, tí wọ́n ní kí àwọn tí ń kọjá pe Ṣiboleti. Siboleti ni àwọn ará Efuraimu lè pè, 42,000 nínú wọn sì kú. Ká ní èmi wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, n kì bá là á já.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ṣé kí a wá fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n máa pe Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti wù wọ́n ni?" Rárá o. Ìdánwò ń bọ̀, àwọn tí yóò gbọ́ wọn lẹ́yìn ọ̀la kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a kọ́ ọmọ ní òfin ilé ẹlòmíràn, ọ̀tọ̀ ni kí a nà án nítorí pé ó mọ ti ilé rẹ̀. Kí n tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti fi iṣẹ́ dánra wò, mo pe ọmọdékùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ó fa s gùn bí ìró ejò, kí ó má ṣe mí, kí ó sì gbé k lé e. Ní ọjọ́ kẹta ó pè é. Ó wò mí, ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sáré lọ pè é fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Láìpẹ́ a óò tú ká lọ sí ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, ní ìlú àti ní oko. Kò sí ẹni nínú wa tí a óò bẹ̀ pé kí ó wá dá èdè tuntun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni a óò máa gbé ètò ìró kan ka iwájú ọmọ tí ó ti ní òmíràn lẹ́nu. Kí a tó na ọwọ́ sí pàṣán, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ́tí sí i, kí a mọ òfin tí ó ń pa mọ́.