Ṣọ́ọ̀ṣì Wo Lẹ Ń Lọ?

Ẹni tó bá ti wá yàrá kiri ní Under G rí á mọ ìbéèrè yìí. Ẹ ò tíì béèrè iye owó ilé. Ẹ ò tíì yọjú wo kànga, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá iná ń wá déédéé. Onílé á ti wò yín láti òkè délẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ ń lọ?" Tó bá jẹ́ Àlhájì ló nilé, ìbéèrè náà á yí díẹ̀: "Ṣé ẹ máa ń kírun?" Ìdáhùn méjì péré ni kì í ba ọ̀rọ̀ jẹ́, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ló sì mọ méjèèjì.

Mẹ́rin ni wá. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Díákónì ni bàbá bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Èkejì wá láti Ọ̀yọ́, Mùsùlùmí ni, kì í fi ààwẹ̀ ṣeré. Ẹ̀kẹta, Ifá ló bá nílé, Ifá náà ló ń bọ. Ẹ̀kẹrin kò bọ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá bi í nípa Ọlọ́run, á ní òun ṣì ń rò ó. Ó ti ń rò ó láti ọdún mẹ́ta tá a ti jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, bàbá onílé ti mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Wọ́n bi ẹni àkọ́kọ́, ó dáhùn. Wọ́n bi èkejì, ó dáhùn. Bàbá mi orí, wọ́n ní kò séwu, Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń sìn. Ó wá kan ẹ̀kẹta. Ọ̀rẹ́ wa ò lè purọ́. Ó ní, "Ifá ni, sà." Kọ́kọ́rọ́ padà sínú àpò. Bàbá ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni pé ẹnì kan ti sanwó yàrá náà láti àná. Wọn ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹrin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé yàrá wà ṣì wà lára géètì.

A ò kọ èyí láti fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n tilẹ̀ bu omi tútù fún wa mu. Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu ni gbólóhùn tí wọ́n sọ kó tó kan ẹ̀kẹta, pé Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń sìn.

Àwa Yorùbá fẹ́ràn gbólóhùn yìí. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń pa ara wọn nítorí ẹ̀sìn níbòmíràn, àwa á gbé àyà, a ní irú ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire. A ní ẹ wo ilé wa: bàbá ń kírun, ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ ń jẹ ẹran Iléyá, wọ́n tún ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Òótọ́ ni. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni méjì nínú wa ti wá. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa jẹ: ìfaradà tá à ń sọ yìí, láàárín ẹni méjì ló wà. Bí ẹni kẹta bá ti wọlé, ojú á yí padà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni kẹta yìí gan-an ni onílé, àwọn méjì yòókù ló bá a nílé.

Ní 1855, òyìnbó oníwàásù kan láti Georgia ní Amẹ́ríkà, T. J. Bowen, wá dó sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò bá ṣọ́ọ̀ṣì kankan níbẹ̀. Àwọn tó bá, olórìṣà ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn Mùsùlùmí náà sì wà láàárín wọn. Wọ́n rí i pé àlejò ni, wọ́n sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ohun tí wọ́n ń bọ kò dára. Síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kó dúró, ó kọ́lé, ó wàásù. Ó gbọ́ èdè wa débi pé ní 1858 ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó tẹ̀lé e dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù sílẹ̀ nílùú yìí ní 1898. Ilé ìwòsàn wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1907, orúkọ Bowen ló sì wà lára rẹ̀ lónìí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọ̀rẹ́ wa tó ń bọ Ifá sí.

A kì í ṣe ọ̀tá Bowen o. Ohun tá à ń bi yín ni pé, ká ní ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ́dún náà ti kọ́kọ́ bi í pé "Òrìṣà wo lò ń bọ?", tó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, tó wá ní ẹnì kan ti gba ilẹ̀ náà láti àná ńkọ́? Ta ni ì bá mọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí? Àwọn tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò, ọmọ-ọmọ wọn ló ń dúró sẹ́nu géètì báyìí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa gan-an ń tú wa fó. Ọ̀rẹ́ wa Mùsùlùmí ló pe àkíyèsí wa sí i. Ó ní àdúrà tí àwọn ọmọ ìjọ ń gbà, inú èdè Lárúbáwá ló ti wá. Ìwàásù bẹ́ẹ̀, wòlíì bẹ́ẹ̀, àlùfáà náà bẹ́ẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ti ń sọ wọ́n nílẹ̀ Yorùbá kí Bíbélì tó dé. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, ohun tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn ni wọ́n mú lò. Wọ́n mú Olódùmarè, wọ́n mú ẹbọ, wọ́n mú ètùtù, ti olórìṣà ni gbogbo ìyẹn. Kódà kèfèrí tí àwọn oníwàásù fi ń bú abọ̀rìṣà, ọwọ́ Mùsùlùmí ni wọ́n ti yá a. (Ọ̀rẹ́ wa Onítẹ̀bọmi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó gbọ́ èyí.) A ò lè bá olùtúmọ̀ jà pé ó wá ọ̀rọ̀ lò. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Sátánì, Èṣù ni wọ́n fi pè é, kò sì sẹ́ni tó bi àwọn tó ni Èṣù bóyá bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Láti ìgbà náà ni Èṣùbíyìí ti ń di Jésùbíyìí, tí ẹni tó ń ta epo sílẹ̀ ní oríta fi di ọ̀rẹ́ Sátánì lójú ọmọ rẹ̀.

Ilé ìwé ló wá parí iṣẹ́ náà. Ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ wa mú ọ̀kan, ẹ̀kọ́ Bíbélì tàbí ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Ó mú Bíbélì. Títí dòní ló lè ka gbogbo ìlú tí Pọ́ọ̀lù dé fún yín láìwòwé, ọmọ díákónì inú wa ò lè ka mẹ́rin. Nígbà tá a tún ń kọ fọ́ọ̀mù láìpẹ́ yìí, àpótí mẹ́ta ni wọ́n tò síbẹ̀: Kristẹni, Mùsùlùmí, àti àwọn yòókù. Àwọn yòókù! Bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀bà tó ṣẹ́ kù sínú abọ́.

Ẹ̀yin kan á ní ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ò tó nǹkan tó yẹ kéèyàn máa fi kọ̀wé. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìlọrin, tí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́ rárá. Ní 2023, àwọn kan lọ bá obìnrin olórìṣà kan níbẹ̀, wọ́n kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún ìṣẹ̀ṣe tó ti kéde. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Ẹ́mìà Ìlọrin. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ọlọ́pàá mú oníṣẹ̀ṣe kan tí wọ́n ń pè ní Tani Olohun ní Ìbàdàn, wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin, ẹ̀sùn sì ni pé ó bú àwọn àlùfáà. Ó pẹ́ ní àtìmọ́lé. Ẹnu rẹ̀ mú, méjì nínú wa ò sì fẹ́ràn bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá sí Under G lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń sọ nípa òrìṣà láti agogo méjìlá títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n ń dáná sun wọ́n, wọ́n ń dè wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n ń pe ìyá tó bí ọ̀rẹ́ wa ní àjẹ́. Tí bíbú ẹ̀sìn ẹlòmíì bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ọlọ́pàá ń tìtorí rẹ̀ múni, mélòó ni wọ́n ti mú nínú àwọn wọ̀nyẹn?

Ọdún 2023 yẹn náà ni UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ìlú Ọ̀yọ́ sínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé. Ọdún náà ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. A yọ̀, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Ṣàngó tí wọ́n ń patẹ́wọ́ fún yẹn, Ṣàngó inú fọ́tò ni. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó bá ń jó fún àlejò, tó bá wọ aṣọ pupa, tí irun rẹ̀ wà ní dídì. Kí ó wá sanwó yàrá bíi tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, ìyẹn ni wọn ò fẹ́.

A mọ ohun tí bàbá onílé á sọ tí wọ́n bá ka èyí. Wọ́n á ní ìbẹ̀rù ni. Wọ́n ti gbọ́ nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi èèyàn ṣe ètùtù owó, wọn ò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé wọn. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àwa náà ń bẹ̀rù, a máa ń ti ìlẹ̀kùn wa lálẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá kó irú wọn jáde, ẹ ka orúkọ wọn nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ sọ fún wa bóyá Fágbèmí àti Ṣàngódélé nìkan lẹ rí níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pànìyàn á dáhùn ìbéèrè yín dáadáa, á dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, á dárúkọ pásítọ̀. Ẹni tó sọ òótọ́ ni ẹ lé lọ.

Ẹlòmíì á ní, ṣé àwọn olórìṣà náà kì í ni èèyàn lára? Wọ́n ń ni í. Tí Orò bá jáde, obìnrin á tilẹ̀kùn mọ́rí, ì báà ní aláìsàn nílé. Àwọn eégún kan sì wà tí pàṣán wọn ò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Ọ̀rẹ́ wa tó ń bọ Ifá ní àṣà ni, kò yẹ ká fọwọ́ kàn án. Àwa mẹ́ta yòókù ní irọ́ ni, ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀sìn lé òun síta kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ ti ẹlòmíì mọ́lé. A ti jà lórí èyí títí ọbẹ̀ fi jóná, a ò sì tíì gbà fún ara wa. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ó wá ku ẹ̀kẹrin, tí wọn ò ráyè bi. Tiẹ̀ ló tilẹ̀ le jù. Ẹni tó ń bọ Ifá, wọ́n gbà pé ó ní nǹkan tó gbà gbọ́, wọ́n kàn kórìíra rẹ̀ ni. Ẹni tí kò gba nǹkan kan gbọ́, àìsàn ni wọ́n kà á sí. Ìyá rẹ̀ ti gbé e dé orí òkè àdúrà lẹ́ẹ̀mejì. A máa ń rántí Táí Ṣólàrín fún un. Ní gbangba ni ó ti sọ pé òun ò gbà pé Ọlọ́run wà, ó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, ilé ìwé tí kò so mọ́ ẹ̀sìn kankan, àwọn Kristẹni àti Mùsùlùmí sì ń kó ọmọ wọn lọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa á ní ayé ìgbà yẹn nìyẹn, kí á wo Mubarak Bala. Wọ́n mú un ní Kàdúná ní 2020 nítorí ohun tó kọ sórí Facebook, ilé ẹjọ́ ní Kánò sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 24 ní 2022, kó tó di pé wọ́n dín in kù, tó sì jáde ní 2025. Àwọn èèyàn á ní Òkè Ọya nìyẹn. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀rẹ́ wa sẹ́wọ̀n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò kàn ní fún un ní yàrá ni, wọn ò ní fún un lọ́mọ fẹ́, wọ́n á sì máa gbàdúrà sí i lórí nígbà tó bá ń jẹun.

Ẹ̀ka 38 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti gba ohun tó wù ú gbọ́, àti láti yí i padà. Òfin náà ò sọ pé kí onílé gbà wá sílé, a ò sì fẹ́ gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù. Ilé wọn ni. Ohun tá à ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré. Ẹ bi wá bóyá a máa sanwó lásìkò. Ẹ bi wá bóyá a máa ń pariwo, bóyá a máa ń gbé omi dà sẹ́nu ọ̀nà, bóyá a ti bá ẹnikẹ́ni jà níbi tá a ti ń bọ̀. Ẹ pe onílé wa àtijọ́ lórí fóònù. Nínú gbogbo èyí, kò sí èyí tí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì lè dáhùn fún yín.

A ti rí yàrá báyìí. Níbi kejì tá a dé, bí wọ́n ṣe yíjú sí ẹ̀kẹta, ọmọ díákónì ti yára dáhùn fún un, ó ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, mà." Wọ́n fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Ó ṣì ń dùn ún pé òun parọ́, ó ń dun ẹni tó torí rẹ̀ parọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú agolo Mílò ni ikin wà lábẹ́ ibùsùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, a máa ń ti fèrèsé, a ó tan orin ìyìn sókè lórí fóònù kí ará ilé má baà gbọ́ ohùn rẹ̀. Owó ilé máa pé lóṣù kẹsàn-án. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fi àdéhùn sí i pé níbi tó bá kàn, tí wọ́n bá ti bi wá ní ṣọ́ọ̀ṣì tá à ń lọ, ẹ̀kẹta ni yóò kọ́kọ́ dáhùn.