Sẹ́fà tó ń kú, tó tún ń jí: ta lẹ fẹ́ẹ́ mú?

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bẹ́ẹ̀, irú ẹjọ́ yìí ni wọ́n ń dá láwọn ọ́fíìsì kan lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Íjẹ̀bú-Òde ṣe àpẹẹrẹ. Owó táwọn ìyá ọjà ń dá jọ, ẹni tó yáwó, ẹni tó ti san, inú sẹ́fà ni gbogbo ẹ̀ wà, ìyẹn ìyá kọ̀ǹpútà táwọn yòókù ń gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, sẹ́fà kú lójijì. Kí wọ́n tó béèrè pé kí ló dé, ó ti tún tan fúnra ẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa wò ó, owó táwọn èèyàn san láàárọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?" Ọ̀gá ló ń bi ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀gá, mi ò fọwọ́ kàn án o. Fúnra ẹ̀ ló kú."

"Ṣé àǹjọ̀nnú ló wá pa á ni? Lọ máa sinmi nílé ná!"

Bí iṣẹ́ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Wọn ò sì tíì bi sẹ́fà fúnra ẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń kọ ohun tójú ẹ̀ rí sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ Windows ni, ẹ ní kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà yín ṣí Event Viewer, kó wo ibi tí wọ́n kọ System sí. Tó bá bá 1074 níbẹ̀, á jẹ́ pé wọ́n pàṣẹ fún un láti kú ni, orúkọ ẹni tó pàṣẹ á sì wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, update Windows lẹ máa bá, kì í ṣe ọmọ yín.

Tó bá jẹ́ 41 tàbí 6008 ló bá, ó kú láì dágbére ni. Nínú 41, kó wá BugcheckCode. Tí kì í bá ṣe òdo, inú ẹ̀rọ ni àìsàn wà: ó lè jẹ́ RAM, ó lè jẹ́ ètò kan tí wọ́n fi sí i. Windows Memory Diagnostic á yẹ RAM wò. Kó sì yọ àmì kúrò níwájú "Automatically restart", torí òun ló ń jẹ́ kó yára jí kẹ́nikẹ́ni tó ka ohun tó kọ sójú.

Tó bá jẹ́ òdo, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ há, àmọ́ iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ kọ aago tó kú sílẹ̀. Ṣé ìgbà táwọn IBEDC, tá a ṣì ń pè ní NEPA, mú iná lọ ni, àbí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ gbé e sórí jẹnẹrétọ̀? Ẹ ki gílóòbù kan bọ UPS, kẹ́ ẹ yọ UPS lára ògiri. Tí gílóòbù bá kú lójú ẹsẹ̀, bátìrì ti lọ. Tó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan ló máa ń kú, ẹ wo fáànù inú ẹ̀, eruku ọyẹ́ lè ti dí i, kí ooru sì máa pa á.

Irú ẹ̀ ti ṣojú gbogbo wa rí. Nígbà tí èsì JAMB jáde lóṣù karùn-ún, ọdún 2025, àwọn kan ní àwọn ọmọ ò kàwé ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé àtúnṣe kan ni wọn ò fi sórí àwọn sẹ́fà tó ń bá Èkó àti ìhà Ìlà-Oòrùn Gúúsù ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ 14, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé sunkún ní gbangba, ó tọrọ àforíjì. Ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ kàn. Ṣáájú ìgbà náà, lọ́jọ́ 19, oṣù keje, 2024, update kan ṣoṣo láti CrowdStrike mú kí kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ káàkiri ayé máa kú, kí wọ́n máa jí, kí wọ́n tún kú. Àwọn tó jókòó tì wọ́n ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ẹ máa da àkọsílẹ̀ owó kọ síbòmíràn lójoojúmọ́, torí owó ìyá olóúnjẹ ló wà níbẹ̀. Ọmọ tẹ́ ẹ ní kó lọ sinmi nílé yẹn ńkọ́? Ẹ ka ohun tí sẹ́fà kọ ná. Tó bá jẹ́ bátìrì UPS ló jẹ̀bi, ẹ ra òmíràn, kẹ́ ẹ sì pe ọmọ náà padà sẹ́nu iṣẹ́.