Wáráńtì Kì Í Ṣe Òfin: Ta Ni Yóò Pe Ìbọn Olówó Pọ́ọ́kú Padà?

Bí ènìyàn bá ra kẹ́tùlù oníná ní Amẹ́ríkà, tí kẹ́tùlù náà sì ń gbiná, àjọ ìjọba kan wà tí ó lè mú kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kó gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́jà, kí ó sì dá owó oníbàárà padà. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ ni, àjọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọlangidi ni, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìbọn ìléwọ́ tí ó ń yìn fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá jábọ́ sílẹ̀, àjọ yìí kan náà kò lè pe ẹyọ kan ṣoṣo padà. Òfin ló dè é lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: ètò yìí kò bójú mu rárá, àwọn tí owó wọn kò ju ti ìbọn olówó pọ́ọ́kú lọ ló sì ń jìyà rẹ̀ jù.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ìbọn Amẹ́ríkà? Ṣebí nílẹ̀ tiwa, òfin ìbọn ọdún 1959 kò gba ará ìlú láàyè láti ní ìbọn ìléwọ́ àfi bí Ààrẹ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni kò ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí mọ̀lẹ́bí kan ní Houston, ní Atlanta tàbí ní Maryland? Àwọn ọmọ wọn ń lọ ṣeré nílé ọ̀rẹ́ wọn, ìbọn sì lè wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé bẹ́ẹ̀. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1968, wọ́n fi ìbọn ìléwọ́ kékeré kan tí owó rẹ̀ kò wọ́n pa Robert Kennedy ní Los Angeles. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó dínà mọ́ ọ̀pọ̀ ìbọn kéékèèké olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun. Àmọ́ òfin náà kò sọ pé kí àwọn ará ilé má ṣe irú rẹ̀. Wọ́n ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ gbayawu. Ní ọdún 1970, George Jennings dá ilé iṣẹ́ Raven Arms sílẹ̀ ní gúúsù California. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jennings, Davis, Lorcin àti Bryco dé, lágbègbè kan náà. Síǹkì tí a pò mọ́ irin mìíràn, tí a yọ́, tí a sì dà, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìbọn wọn, kì í ṣe irin líle bíi ti àwọn ìbọn olówó gọbọi. Ó yá láti ṣe, kò sì náni lówó. Nígbà tó fi máa di ọdún 1994, ọ̀rọ̀ wọn ti di ohun tí dókítà kan, Garen Wintemute, fi kọ odindi ìwé.

Ọdún 1994 yẹn náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní àríwá California. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 7 kan wà nílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé wọn fẹ́ yọ ọta kúrò nínú ìbọn Bryco tó wà nínú ilé náà, kí ewu má baà sí. Ohun kékeré kan wà lára ìbọn tí a fi ń tì í pa kí ó má baà yìn. Lára ìbọn yìí, ẹni tó bá fẹ́ yọ ọta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí ohun ìtìpa náà sílẹ̀. Ẹ tún un kà: kí ọwọ́ rẹ tó lè tẹ ààbò, wàá kọ́kọ́ pa ààbò tì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí i, ìbọn dún, ọta sì ba ọmọ náà lágbọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè lo apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti yẹ mọ́.

Ní ọdún 2003, àwọn ará ìlú tí ilé ẹjọ́ yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà gbà pé àbùkù wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe ìbọn yẹn. Wọ́n pín ẹ̀bi náà láàrin àwọn àgbà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà àti àwọn tó ṣe ìbọn tí wọ́n sì tà á. Gbogbo owó ìtánràn náà lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Kí ni ilé iṣẹ́ náà ṣe? Ó kéde pé òun ti wọko gbèsè. Ní ọdún 2004, wọ́n lu ilé iṣẹ́ náà ní gbàǹjo. Ọmọ tí ìbọn bà yẹn kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó fẹ́ ra ilé iṣẹ́ náà kí ó lè yọ́ àwọn ìbọn tó kù níbẹ̀. Kò rí i rà. Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ rí ló fi 510,000 dọ́là gbà á, ó fún un lórúkọ tuntun, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn.

Ní gbogbo àsìkò yìí, níbo ni ìjọba wà? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí àgbà yìí jókòó sílé. Ọdún 1972 ni wọ́n fi òfin dá àjọ Consumer Product Safety Commission sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ọjà tí ó lè ṣe ènìyàn léṣe. Òfin náà yọ ìbọn kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1976, àwọn aṣòfin tún tẹnu mọ́ ọn pé àjọ náà kò gbọ́dọ̀ ṣe òfin kankan lórí ìbọn àti ọta. Ẹ wo ohun ìyanu tó tìdí rẹ̀ yọ: ní ọdún 2001, àjọ yìí pe ilé iṣẹ́ Daisy lẹ́jọ́ pé kí ó pe ìbọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ padà, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ta agolo, nítorí pé ọta kéékèèké lè fara pamọ́ sínú rẹ̀, kí ẹni tó dì í mú sì rò pé ó ti ṣófo. Ìbọn tí ń fi afẹ́fẹ́ ta ọta, wọ́n lè bá a wí. Ìbọn tí ń fi ẹ̀tù ta á, wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àwọn tó ń gbèjà ètò yìí ní èsì, ó sì yẹ kí a gbọ́ wọn. Èkíní, wọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ rere ń tún ìbọn wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Hi-Point ní Ohio ń ta ìbọn tí owó rẹ̀ kéré gan-an, síbẹ̀ ó ń fún un ní wáráńtì títí ayé ìbọn náà. Bí o tilẹ̀ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọn yóò tún un ṣe. Mo yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n wáráńtì kì í ṣe òfin. Inú rere ẹni tó tà á ni, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì gùn ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Raven ti kógbá sílé, Lorcin ti kógbá sílé, Bryco ti lọ sí gbàǹjo. Àwọn ìbọn wọn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Ta ni yóò tún wọn ṣe? Àwa níhìn-ín mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní ọdún 2008, nígbà tí oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin ń pa àwọn ọmọ ọwọ́ wa, NAFDAC kò dúró de àánú ẹni tó ṣe é. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n sì ní kí wọ́n kó oògùn náà kúrò lọ́jà.

Èkejì, wọ́n ní ilé ẹjọ́ wà fún ẹni tí ìbọn bá ṣe ní jàǹbá. Ní ọdún 2013, ọlọ́pàá kan ní ìpínlẹ̀ Iowa ń lé afurasí kan lọ. Ìbọn Taurus tó wà lára rẹ̀ jábọ́, ó sì yìn. Orí ló yọ wọ́n, ọkọ̀ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ ló bà. Taurus jẹ́ ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Brazil tí a mọ̀ sí ìbọn tí apá mẹ̀kúnnù ká. Ọlọ́pàá náà pè wọ́n lẹ́jọ́ lórúkọ gbogbo ẹni tó ní irú ìbọn náà, ní ọdún 2015 sì ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Ìbọn tọ́rọ̀ náà kàn sún mọ́ mílíọ̀nù kan. Ilé iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó gbà láti san owó tó lè tó 200 dọ́là fún ẹni tó bá dá ìbọn rẹ̀ padà. Ẹ kíyè sí i: agbẹjọ́rò àti odindi ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe ohun tí ó yẹ kí àjọ ìjọba fi lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní obìnrin kan tí ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ni ìbọn tirẹ̀ jábọ́, ta ni ì bá gbọ́ ohùn rẹ̀?

Ẹ̀kẹta ló gbóná jù. Wọ́n ní bí òfin bá le, ìbọn yóò wọ́n, tálákà kò sì ní rí ohun tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀ ládùúgbò tí ọlọ́pàá kì í tètè dé. Èmi kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí ẹ̀mí tálákà ṣe iyebíye bíi ti olówó. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ń jà. Ohun tí ènìyàn rà láti fi ṣọ́ ẹ̀mí rẹ̀, kò yẹ kí ó jẹ́ òun ni yóò pa ọmọ rẹ̀. Tálákà tó ra kẹ́tùlù olówó pọ́ọ́kú ní ẹ̀tọ́ pé kí ó má jó òun. Èéṣe tí ẹ̀tọ́ náà fi parẹ́ nígbà tó dórí ìbọn? Ìpínlẹ̀ California sì ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Láti ọdún 2001, kí wọ́n tó lè ta irú ìbọn ìléwọ́ tuntun kan níbẹ̀, wọ́n ń yin mẹ́ta nínú rẹ̀, ọta 600 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń jù wọ́n sílẹ̀ láti nǹkan bíi mítà kan sókè láti wò ó bóyá wọn yóò yìn. Ilé iṣẹ́ tí ìbọn rẹ̀ bá yege ń tà á.

Kí òfin tó dé, àwọn tó ní ìbọn kò gbọdọ̀ sọ ara wọn di alágbẹ̀dẹ ọ̀sán gangan. Ìbọn tí ọta ń há sínú rẹ̀, tàbí tí ó yìn láìjẹ́ pé a fà á, kì í ṣe ohun tí a ń fi fáìlì àti èèlò àlòkù tún ṣe lórí tábìlì ìdáná. Kí ẹni tó ni ín má lò ó mọ́, kí ó gbé e fún ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ àtúnṣe ìbọn tàbí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Yíyọ àpò ọta kò sọ pé ìbọn ti ṣófo. Ẹyọ kan ṣì lè wà lẹ́nu ihò rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lọ́hùn-ún, kò sí ìtìjú nínú kí ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá ìbọn wà nílé wọn, àti bóyá wọ́n tì í pa.

Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra ẹnìkan kò lè rọ́pò òfin. Kí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tú ọwọ́ àjọ náà sílẹ̀, kí ó lè pe ìbọn tó lábùkù padà gẹ́gẹ́ bí ó ti ń pe kẹ́tùlù padà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti di ọmọ onílùú níbẹ̀ ń dìbò, wọ́n sì ní aṣojú tí wọ́n lè kọ̀wé sí. Kí wọ́n kọ ọ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé ẹni tí kò lówó ọbẹ̀ dídùn gbọ́dọ̀ jẹ májèlé.