Àwòrán Abẹ́ Ilẹ̀ Kì í Dá Sọ̀rọ̀

Ẹ̀tàn ni láti sọ fún ará Molutehin, tàbí fún ẹnikẹ́ni ní etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Òndó, pé ẹ̀rọ ti rí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, nítorí àkókò àti agbára ìró nìkan ni ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀: ọkọ̀ awápo a yin ìró sínú òkun, ìró náà a wọlẹ̀ lọ, a kọ lu ìpele erùpẹ̀ àti àpáta, a sì padà sókè. Àwòṣe, ìyẹn àbá tí onímọ̀ fi ìṣirò gbé kalẹ̀ nípa bí ilẹ̀ ṣe rí àti bí ìró ṣe ń yára tó nínú rẹ̀, ló ń sọ àkókò di jíjìn. Bí ìró bá lo ìṣẹ́jú àáyá 2 ní àlọ àti àbọ̀, tí onímọ̀ sì gbà pé mítà 2,000 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìpele tó dá a padà wà ní mítà 2,000 nísàlẹ̀. Bó bá gbà pé mítà 2,500 ni, ìpele yẹn kan náà ti sún sí mítà 2,500, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò gbọ́ ohun tuntun kankan. Gáàsì tó há sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú a máa fa ìró sẹ́yìn, tí ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò fi dà bí èyí tó rì.

Láìsí àwòṣe, àkọsílẹ̀ yadi. Nígbà tí Inge Lehmann, obìnrin ará Denmark, fi hàn ní 1936 pé kókó mìíràn wà nínú ọkàn ayé, àkọsílẹ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ New Zealand ti 1929 ló lò, èyí tí àwọn ẹlòmíràn náà ní lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ ìyára tó fojú dá sílẹ̀ ní gbangba, kìlómítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lókè ọkàn ayé àti 8 nínú rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwà yẹn ló ṣọ̀wọ́n ní Ìlàjẹ. Òkun ti gbé ilé ní Ayétòrò, ẹrẹ̀ rírọ̀ sì ni etíkun Mahin. Ẹni tó ní ìgbì òkun nìkan ló fà á, àwòṣe ló ń sọ. Ẹni tó ní epo tí wọ́n fà jáde ló mú ilẹ̀ rì, àwòṣe ni tirẹ̀ náà, àmọ́ àkọsílẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ awápo, kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ ń wọmi. Òfin Nàìjíríà tó ní kí wọ́n yẹ ipa iṣẹ́ lórí àyíká wò ti wà láti 1992. Ó yẹ kó fi dandan lé e pé kí gbogbo ìjábọ̀ sọ ìyára, gáàsì àti ìwọ̀n rírì ẹrẹ̀ tí wọ́n fojú dá, kí wọ́n sì ri òpó tí a fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń rì mọ́ ilẹ̀ Molutehin fúnra rẹ̀, tí wọn yóò máa kà lọ́dọọdún lójú àwọn ará ìlú. Títí dìgbà náà, ará Molutehin kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìgbàgbọ́.