Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Bí olówó kan bá kú nílùú wa, tí kò jogún kọ́bọ̀ lọ́wọ́ baba rẹ̀, gbólóhùn kan wà tí ẹ kò ní ṣàì gbọ́ níbi òkú rẹ̀: "Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi là." Wọ́n á fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀ pé ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á wá sọ, bí ẹni fi èènì sí ọjà, pé olóògbé tún fẹ́ràn ìyàwó àti ọmọ. Ọ̀rọ̀ èènì yẹn ni mo ń bá jà. Àwọn àgbà kan náà tó pa òwe ọwọ́ ara ẹni ló sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, èmi sì gbà pé òwe kejì yìí mọ ìdí owó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ là, ilé ló ti gbé ọwọ́ náà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí à ń pè ní òṣómàáló ṣe ẹ̀rí, nítorí ọmọ wọn ni mí.

Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí ibùdó ogun tó tú. Àwọn tó fi ìgbà èwe wọn gbé ìbọn padà sílé lọ́wọ́ òfìfo. Nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì nasẹ̀ dé Òṣogbo láàárín ọdún díẹ̀ sí i, aṣọ òyìnbó wá wà nítòsí. Ohun tí Ìjẹ̀ṣà rí ni pé àgbẹ̀ tó wà ní abúlé Èkìtì, Àkókó tàbí Ìgbómìnà fẹ́ wọ aṣọ tuntun bí ará ìlú ńlá, àmọ́ owó kì í sí lọ́wọ́ rẹ̀ àfi ìgbà ìkórè. Wọ́n di aṣọ rù, wọ́n rìn tọ̀ ọ́ lọ, wọ́n tà á fún un láwìn, wọ́n sì dá ìgbà tí yóò máa san án díẹ̀díẹ̀. Iye àwìn ga ju iye owó ọwọ́ lọ. Ibẹ̀ ni èrè wà. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè ń wí tẹnu rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ní, "Òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi." Ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Yorùbá ti ń dógò ti onígbèsè, tí wọ́n ń jókòó tì í títí yóò fi san, tipẹ́tipẹ́ kí òṣómàáló tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí orúkọ yìí ṣe bá iṣẹ́ mu: ẹni tó lóṣòó kò tíì jókòó. Ìdí rẹ̀ kò kan ilẹ̀, bó bá ti gba tirẹ̀, ó yá, ilé onígbèsè mìíràn.

Níbo wá ni ọmọkùnrin tí kò ní nǹkan kan ti rí ìdì aṣọ àkọ́kọ́? Ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń kígbe ọwọ́ ara ẹni kì í bi ara wọn. Ó kọ́kọ́ sin ọ̀gá ni. Ó ru ẹrù tẹ̀lé e fún ọdún púpọ̀, ó mọ ojú ọ̀nà, ó mọ ojú onígbèsè tó ń parọ́ àti ti èyí tí kòkó rẹ̀ kò ṣe dáadáa lóòótọ́. Nígbà tó tó àkókò, ọ̀gá fún un láṣọ, àwìn lòun náà sì gbà á. Ọ̀gá kò béèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò ní. Ohun tó béèrè ni, "Ọmọ ilé wo ni ọ́?" Ilé yẹn ni onígbọ̀wọ́. Ẹni tó bá yá egbèje tí kò san, ó bẹ́gi dínà egbèje ni òwe wí. Ti òṣómàáló tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí ó bá kó aṣọ ọ̀gá sá wọ ilẹ̀ Nupe, igi tó bẹ́ yóò dínà mọ́ àbúrò rẹ̀ tí kò tíì gbọ́n pàápàá.

Bàbá mi kò fi èyí pamọ́ fún wa rárá. Lọ́jọ́ tó máa gba ìdì kálíkò rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Aláró ni màmá àgbà. Ó kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, ó ní bí ọmọ òun bá jẹ owó yìí, kí wọ́n wá gbé ìkòkò aró òun. Ìkòkò márùn-ún ló ní láyé. Bàbá mi a máa sọ pé bí òun bá ti ń gun òkè lọ sí Ìkàrẹ́, tí ẹrù ń wọ òun lọ́rùn, kì í ṣe aṣọ lòun máa ń rò pé òun rù, ìkòkò márùn-ún yẹn ni. Ẹ sọ fún mi, ta ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ là níbẹ̀?

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò fi dá mi lóhùn, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Yóò ní ilé kan náà yìí ló ń pa oníṣòwò: ẹ̀gbọ́n wá yá owó ilé, àbúrò wá gba owó ìgbéyàwó, àna kú, àkókò ìnáwó dé, kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti jẹ èrè, wọ́n ti jẹ ojú owó mọ́ ọn. Mo ti rí ìsọ̀ tó kú báyìí. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi ń gba irú rẹ̀ sílẹ̀? Nílé tiwa, ìyá mi ni. Bí bàbá mi bá ti ọ̀nà àjò dé, kì í fọwọ́ kan owó náà mọ́. Ìyá mi á tẹ́ ẹní lálẹ́, á tanná, á tú owó sílẹ̀, ṣílè lọ́tọ̀, sísì lọ́tọ̀, tọ́rọ́ lọ́tọ̀. Á pín in: ti ẹni tí a gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ lápá kan, ti aṣọ tuntun lápá kan, ti ọbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orókún rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orókún yẹn ni ẹbí lè bẹ̀bẹ̀ fún. Àwọn tó kù, àní bí baba ọkọ rẹ̀ ló béèrè, yóò kúnlẹ̀, yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé owó olówó ni. Ọkọ rẹ̀ kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún baba tó bí i. Ilé tó mú ojú owó wá ló tún ṣọ́ ọ. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ìfẹ́ tí ọkùnrin ní sí aya rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, tí ọjà rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Òṣómàáló tí òun àti ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ra wọn yé, inú ajádìí agbọ̀n ló ń da owó sí.

Àtakò kejì ló kàn mí lára jù. Wọ́n á ní: òṣómàáló tó ń lo oṣù mélòó kan lẹ́yìn odi, irú baba ilé wo nìyẹn? N kò ní purọ́ pé ìrìnàjò yẹn kò gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣàìsàn, ó kú, wọ́n sì ti sin ín kí bàbá mi tó gbọ́ ní Àkókó. Èmi fúnra mi kò mọ bàbá mi ní kékeré. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tó dé lọ́jọ́ kan tí ọdún Kérésìmesì kù díẹ̀. Mo rí ọkùnrin eléruku kan tó sọ ẹrù kalẹ̀, mo bú sẹ́kún, mo sá wọ yàrá. Wọ́n ní kí ó wọlé wá gbé mi, ó kọ̀. Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń pe oríkì mi jẹ́jẹ́. Oúnjẹ tutù, àwọn àlejò tó wá kí i lọ, ó ṣì wà lórí òṣó. Wọ́n ní ilẹ̀ ti ṣú kí n tó jáde.

Àwọn ọkùnrin yìí mọ̀ pé ilé tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ wo ọdún 1934 tí Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ti àwọn Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Owó kòkó ti wó láwọn ọdún yẹn, onígbèsè kò rówó san, aṣọ ń sùn lọ́wọ́ òṣómàáló. Síbẹ̀ ìlú tí irú àwọn ènìyàn yìí pọ̀ sí dá ilé-ìwé girama sílẹ̀ nínú ọ̀wọ́n owó. Wọ́n ti gbọ́ ọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, wọ́n sì gba òwe náà gbọ́ débi pé wọ́n kọ́ ọmọ wọn kúrò nídìí òwò tiwọn. Ọ̀pọ̀ wa di tíṣà, di akọ̀wé, di dókítà; kò sẹ́ni tó fẹ́ ru aṣọ mọ́. Àwọn kan ń kédàárò rẹ̀ pé òwò baba wa ti parun. Èmi kò bá wọn kédàárò. Ohun tí bàbá mi rìn lọ rà nìyẹn.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò òde òní pé, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lówó ná, màá wá gbọ́ ti ilé tó bá yá." Wọ́n rò pé ìgbéga ni ilé ń dí lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni yóò ka owó yín lálẹ́?

Ìwé gbèsè bàbá mi wà lọ́wọ́ mi títí dòní. Ìwé gígùn ni, èèpo rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ ti fàya. Ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ló ti kọ́ ìwé Yorùbá, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi bí ti ọmọdé. Apá òsì ni orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó wà: ìyàwó onílù, àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà; alágbẹ̀dẹ ẹ̀bá odò, dàmáàsìkì ọ̀pá mẹ́rin, ó san sísì. Apá ọ̀tún ni ti àwọn tí òun náà jẹ lówó. Àwọn ìsọ̀ tó ti ń kó aṣọ l'Òṣogbo ló ṣáájú níbẹ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn láti 1955, ṣùgbọ́n ti girama kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ orúkọ àwọn ìsọ̀ yẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, orúkọ àwa ọmọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú iye owó ilé-ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Apá ọ̀tún. Bó bá ti san án, á fi rúlà fa ìlà gbọọrọ já orúkọ náà kọjá. Orúkọ mi wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ìlà ìkarùn-ún wọ́, yíǹkì sì ta sí etí rẹ̀, nítorí ìyá mi, tí kò mọ̀ọ́kọ, ló fà á ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin bàbá mi.