Kẹ̀kẹ́ Dé Etí Omi, Ó Wọ Ọkọ̀: Ìrìn Ìgbádùn Nílẹ̀ Ìlàjẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni kì í jẹ́ kéèyàn rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni kì í rìn jìnnà mọ́ àfi tí wọ́n bá jókòó sínú mọ́tò. Bí ọlidé bá dé, ìlú ńlá ni wọ́n ń sá lọ. Wọ́n á jẹ ẹran díndín, wọ́n á mu ọtí tútù, wọ́n á sì padà sílé pẹ̀lú àpò òfìfo. Bí ẹ bá sọ fún irú wọn pé àwọn òyìnbó máa ń gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn nínú igbó, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ gba àárín òkè méjì níbi tí odò ti ń ṣàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì rán wọn níṣẹ́, ohun tí wọ́n á sọ ni pé, "Ìyà wo ló ń jẹ wọ́n?"

Kì í ṣe ìyà o, ẹ̀yin òǹkàwé. Nǹkan tí àwọn bàbá wa ń fi tipátipá ṣe ni àwọn ẹlòmíràn ń fi gbádùn ayé wọn. Ní 1817, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Karl von Drais ṣe kẹ̀kẹ́ onígi kan tí kò ní ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà rárá. Ilẹ̀ ni ẹni tó jókòó lé e á máa fẹsẹ̀ tì. Ìgbà tó di 1885 ni John Kemp Starley, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé èyí tí táyà rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jáde, tí ṣéènì ń yí táyà ẹ̀yìn. Irú èyí ló dé ọ̀dọ̀ wa tí a sọ ní kẹ̀kẹ́ ológeere. Láyé ìgbà kan, ẹni tó bá ní Raleigh, ọlọ́lá ni. Tíṣà ń gùn ún, akọ̀wé kóòtù ń gùn ún, ẹni tó ń ra kòkó náà ń gùn ún. Ẹni tí kò bá ní, ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ni yóò fi rìn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ ilẹ̀ wọn bí ẹni mọ ojú ìyàwó. Ta ló mọ̀ ọ́n lónìí?

Ẹ jẹ́ ká mú ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọlọ́run fi òkè jíǹkí wọn, ó tún fi òkun kún un. Ẹni tó bá ń wá òkè àti àfonífojì, kó lọ sí Ìdànrè. Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ lé ní 660, orí àpáta ni àwọn ará ìlú náà sì ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀. Láti 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà lórí ìwé UNESCO pẹ̀lú àwọn ibi tó ń retí pé kí gbogbo ayé dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n omi kì í dúró lórí òkè. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tó bá tẹ̀lé omi láti apá òkè Oǹdó, tó kọjá Ọ̀rẹ̀, tó dé Agbábu létí odò Olúwa, á rí ibi tí wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ wá ọ̀dà títì kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Láti ibẹ̀, odò náà kò yà síbì kan, ó di ilẹ̀ Ìlàjẹ.

Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ kúrò ní Òkìtìpupa á gun títì dé Igbókọ̀dá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí òkè tí yóò gba èémí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pẹ wà lọ́tùn-ún, pákí wà lósì. Kó tiẹ̀ yà bàrà nílé olóúnjẹ kó jẹ púpùrù, òkèlè tí wọ́n fi pákí ṣe tí wọ́n sì yan lórí iná, kó fi ọbẹ̀ marúgbó tì í. Ẹni tí kò bá jẹ ìyẹn kò tíì dé Ìlàjẹ. Àfi bó ṣe dé ẹ̀bá ẹbúté tí títì bá tán lójijì bí ìtàn tí apàlọ́ sùn lé lórí. Omi ló kù.

Ibí yìí ni àlejò máa ń ṣe mùkẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ tó sì máa ń wáyé láàárín òun àti ọlọ́kọ̀ nìyí:

"Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá ọlọ́kọ̀. Ọ̀nà Ayétòrò dà, ẹ jọ̀ọ́ sà?"

"Ọ̀nà ọ̀hún nìyí." Bàbá á na àjẹ̀ sí ojú omi.

"Ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ mi máa gbà ni mo ń béèrè, bàbá."

"Ọmọ mi, gbé kẹ̀kẹ́ rẹ wá. Òun náà á wọkọ̀. Ṣùgbọ́n owó èèyàn méjì lo máa san fún un o, torí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ká ẹsẹ̀ kò."

Ẹ̀rín ni gbogbo ọkọ̀ á fi bọ́ sí i. Kẹ̀kẹ́ tó gbé èèyàn láti òkè ni èèyàn wá ń gbé.

Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní ẹbúté, tí ariwo ọjà ti dín kù lẹ́yìn, ìgbà yẹn ni àlejò á mọ̀ pé ìsinmi wà láyé. Igi ọ̀gọ̀rọ̀ tẹ orí ba lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ òkun, igi ẹ̀gbà á gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ á sì yọ síta bí ẹsẹ̀ alákàn. Inú gbòǹgbò yẹn ni ẹja ń pamọ sí, ibẹ̀ ni àkàn ń gbé, ibẹ̀ náà ló sì ń di ẹrẹ̀ mú kó má baà bá omi lọ. Ẹni tó bá gé ẹ̀gbà ṣe igi ìdáná lónìí, ó ń gé ògiri ilé ara rẹ̀ ni. Ẹ̀ ń rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń dá tukọ̀, ẹ̀ ń rí ọmọ kékeré tó ń fi àjẹ̀ ya omi lọ sílé ìwé bí ọmọ ìlú òkè ṣe ń fẹsẹ̀ ya eruku. Ẹ tún máa rí ewéko olódòdó kan tó ń léfòó lójú omi. Láti apá Pọ́tónófò ló ti gba ọ̀nà Badagry wọ Nàìjíríà ní 1984, ó sì ti sọ ìrìn ọkọ̀ di ìyà fún àwọn ọlọ́pọ́n, torí pé ó máa ń wé mọ́ àjẹ̀, ó sì máa ń há ẹ́ńjìnnì.

Kẹ̀kẹ́ ńkọ́ o? Ṣé ọkọ̀ ni yóò máa gùn títí lọ ni? Rárá. Etí òkun Àràròmí ń dúró dè é. Láti Badagry títí dé agbègbè Àràròmí, yanrìn ló wà láàárín òkun àti ọ̀sà, bíi 200 kìlómítà. Ẹni tó bá gbọ́n kì í gun kẹ̀kẹ́ lórí yanrìn gbígbẹ, torí pé táyà á rì sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó máa ń dúró kí òkun fà sẹ́yìn ni. Yanrìn tútù tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ máa ń le bíi títì ọlọ́dà, kẹ̀kẹ́ á sì máa yọ̀ lọ geere. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ìgbì ń hó, agbọn wà lápá kan, kò sí mọ́tò tó máa fọn fèrè sí i létí. Ṣùgbọ́n kó wo omi o. Òkun tó fà á padà wá. Ẹni tí kò bá béèrè àkókò lọ́wọ́ apẹja kó tó gbéra lè gbé kẹ̀kẹ́ lórí padà wálé. Iyọ̀ òkun sì ń jẹ irin: bó bá délé, kó fi omi tútù fọ̀ ọ́, kó fi òróró sí ṣéènì.

Bí ẹ bá kọjá Àràròmí síwájú sí i lápá ìlà-oòrùn, yanrìn tán, ẹrẹ̀ ló kù. Nǹkan bí 75 kìlómítà ni etí òkun ẹlẹ́rẹ̀ yìí. Orí rẹ̀ ni Ayétòrò wà.

Ní 1947 ni àwọn Ìlàjẹ kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ Ayétòrò dó, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí inúnibíni nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Ọba wọn ni wọ́n ń pè ní Ogeloyinbo. Fún bí ogún ọdún, kò sí tèmi-tìrẹ láàárín wọn: wọ́n jọ ń pẹja, wọ́n jọ ń kan ọkọ̀, àpò kan ni wọ́n ń kó owó sí. Ní 1953, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan fìtílà. Nítorí pé ẹrẹ̀ kò gba ẹsẹ̀, pákó ni wọ́n kàn ṣe títì, wọ́n gbé e sókè lórí òpó igi. Kò sí mọ́tò. Ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ nìkan ló lè gba orí rẹ̀. Àwọn èèyàn ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá wò wọ́n, wọ́n sì ń pè é ní ìlú aláyọ̀.

Ayé tòrò nígbà náà. Ṣùgbọ́n òkun ò tòrò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún báyìí, omi ti ń gba ìlú náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ti kó ilé, ó ti kó ṣọ́ọ̀bù, ó ti kó ilé ìwé, kò fi itẹ́ òkú sílẹ̀. Ẹ rò ó wò ná. Ọ̀nà tí èèyàn fi kẹ̀kẹ́ gbà lọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó wà lọ́mọdé ti di ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Bó bá fẹ́ fi ojú oórì bàbá rẹ̀ han ọmọ, ìgbì ni yóò nawọ́ sí.

Kín ló fà á? Ohun tó fà á pọ̀. Omi òkun ń ga sí i káàkiri ayé nítorí pé ayé ń móoru. Ẹrẹ̀ kì í dúró bí yanrìn. Àwọn ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ iléeṣẹ́ epo ní agbègbè Àwóyè tún jẹ́ kí omi iyọ̀ rọ́ wọ inú odò tútù, ó sì pa igbó àti ẹja. Lóṣù karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tí wọ́n lé ní 100 lọ jókòó sí ibùdó epo Parabe tó jẹ́ ti Chevron lójú òkun láti fi ẹ̀hónú hàn. Àwọn sójà wá, ẹ̀mí méjì sì bọ́. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ní 2008 àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ dá Chevron láre. Ní ti Ayétòrò, láti 2004 ni àjọ NDDC ti gbé iṣẹ́ ògiri ìdènà òkun rẹ̀ síta. Ìgbì ò ka ìwé kọngílá, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á wí pé, "Kí wọ́n kó kúrò níbẹ̀ jàre! Ṣé ilẹ̀ tán ní Oǹdó ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn lẹ́nu ẹni tí ilé rẹ̀ wà lókè. Ẹ ní kí apẹja kó lọ sórí àpáta, kín ni yóò máa fi àwọ̀n dẹ níbẹ̀, alángbá? Lóòótọ́, ẹ̀mí ju ilé lọ, bó bá sì di dandan kí ìlú ṣí, a jẹ́ pé kí ìjọba wá ilẹ̀ tó súnmọ́ omi fún wọn, kí wọ́n ṣí pọ̀, kó má jẹ́ pé oníkálukú ń sá káàkiri bí òròmọdìyẹ. Ṣùgbọ́n kí ó tó di pé a ní kí ẹnìkan kúrò nílé baba rẹ̀, ó yẹ ká ti lọ wò ó lójú ara wa. Àìwò ó yẹn gan-an ló ń pa wọ́n. Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, ta ni yóò pariwo nítorí rẹ̀? Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ títì etí òkun tó fẹ́ gba Èkó dé Calabar, nǹkan bí 700 kìlómítà, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí títì má lọ bá ìlú tó ti lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní ẹsẹ̀ tó lókun, ẹ rìn. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí pé òjò àti ìjì kò mọ àlejò. Ẹ má wọ ọkọ̀ tí wọ́n bá kó èèyàn kún bámú, ẹ sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ì báà jẹ́ pé òkè òkun lẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ kí bàálẹ̀ ibi tí ẹ bá dé. Ẹ ra ẹja àti edé lọ́wọ́ àwọn ìyá, ẹ má yọwó kọjá bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá sì padà délé, ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà náà rí, ẹ̀yin tí ẹ gun kẹ̀kẹ́ lórí pákó Ayétòrò nígbà tó ṣì jẹ́ pákó, ẹ gbé gègé yín. Ojú ìwé lẹ́tà ń retí yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.