ÌYÌN ÒFÌFO KÌ Í KỌ́ ỌMỌ NÍṢẸ́: Ìwé-Pẹlẹbẹ sí Àwọn Adájọ́ Ìdíje Fọ́tò ní Òkè-Ògùn

Ẹ̀yin ará ilé àti èrò ọjà, ẹ̀yin olùkọ́ àti olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, láti Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹ̀dì títí dé Ṣakí ọmọ Àsabàrí, àti ẹ̀yin tèmi ní Òfíkì níhìn-ín, níbi tí odò wa ti ń ṣàn lọ bá odò Ògùn, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di ìgbàgbọ́ láàrin wa, tí àwọn ènìyàn rere ń sọ, tí wọ́n sì ń fi inú kan sọ, èyí tí mo tìtorí rẹ̀ gbé gègé lé ìwé láti takò: pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fọ́tò yíyà, bó bá mú iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ìdíje, ìyìn nìkan ló yẹ kó gbọ́, nítorí pé bí a bá sọ àléébù iṣẹ́ náà fún un, ọkàn rẹ̀ yóò rẹ̀wẹ̀sì, kò sì ní í gbé kámẹ́rà mọ́.

Òwe ni wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn: yinniyinni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe náà, n kò sì bá àgbà tó pa á jà. Ṣùgbọ́n òwe náà kò ní kí a máa yin ènìyàn kí inú rẹ̀ lè dùn lásán. Ó ní kí a yìn ín kó lè ṣe mìíràn. Báwo ni ọmọ yóò ṣe ṣe mìíràn, nígbà tó jẹ́ pé nínú ohun mẹ́wàá tó ṣe sínú àwòrán kan, kò sí ẹni tó tọ́ka sí èyí tó ṣe dáadáa fún un? Ẹni tó ní “ó dára gan-an,” tó sì gba ibẹ̀ lọ, kò tíì yin ẹnikẹ́ni. Ó kí i ni.

Ẹ wo ohun tí ìgbàgbọ́ yìí ń bí. Ọjọ́ ìdíje pé, wọ́n pe ẹni kìíní, ẹni kejì àti ẹni kẹta, wọ́n fún wọn lẹ́bùn, wọ́n sì sọ fún gbogbo àwọn yòókù pé wọ́n kú iṣẹ́, pé gbogbo wọn ló gbìyànjú, kí wọ́n tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ tó ti Àgọ́-Àrẹ tàbí Tede wá yóò padà sílé láìmọ ohun tó fi pàdánù. Bẹ́ẹ̀ sì ni, níbi tí àgbà kò bá ti sọ ìdí, ọmọdé yóò wá ìdí fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ oníbìínú, yóò ní wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fún kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ onírẹ̀lẹ̀, yóò ní fóònù òun ni kò dára tó, yóò sì lọ yáwó ra òmíràn, nígbà tó jẹ́ pé bó bá jẹ́ pé ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta síwájú kó tó yà á, àwòrán náà ì bá dára. Ìyìn tí a rò pé ó ń dáàbò bo ọmọ náà ti sọ ọ́ di onífura tàbí onígbèsè. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Adájọ́ tó rí i pé orí wọ́, tó sì ń pàtẹ́wọ́, kò ṣe iṣẹ́ àgbà.

Èkínní, mo ní ìgbàgbọ́ yìí kò ti ọ̀dọ̀ àwọn baba wa wá. Àwọn ló ní nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ti ṣe tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ní Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè láti ìran dé ìran, ọ̀gá tó rí i pé etí aṣọ ọmọ-iṣẹ́ òun kò gún kì í kí i kú iṣẹ́ kó sì kọjá. Yóò fi ìka tọ́ ọ, yóò ní kó tú u, kó sì tún un hun, ọmọ náà kò sì ní í torí ìyẹn sá kúrò nídìí òfì. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn ọdún 1960, tó ń gbé ère síwájú àwọn ará ìlú, tó ń bi wọ́n pé èwo ló dára jù àti pé kí nìdí, àgbẹ̀ dáhùn, ìjòyè dáhùn, gbẹ́nàgbẹ́nà náà sì dáhùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ìfarahàn, bóyá ojú àti ọwọ́ ère hàn kedere. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí jíjọra, pé kí ère jọ ènìyàn ṣùgbọ́n kó má jọ ọ́ jù. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí dídán àti lórí gígún. Iṣẹ́ Thompson lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1973. Àwọn tó fún un lésì kò fi “ó dára” lásán dá a lóhùn.

Èkejì, mo ní àríwísí rere kì í pa ayàwòrán. Òun gan-an ló ń gbé wọn dìde. Ẹ wo J. D. ’Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930, tó sì di olóògbé ní 2014, ẹni tó ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà títí gbogbo ayé fi yà wá wò ó. Kámẹ́rà Brownie kékeré kan ló rà ní 1950, ọ̀rẹ́ ló sì kọ́ ọ ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn ní 1954, kò wọ̀ ọ́ bí ayàwòrán, olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ni. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, fọ́tò kì í jáde láìgba abẹ́ ojú ọ̀gá. Èyí tó ṣú jù àti èyí tó funfun jù, wọn á tún un ṣe ni. Lẹ́yìn irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ irun náà ní 1968. Ní 2001 ẹ̀wẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán kan ní Èkó, tí Uche James-Iroha, Kelechi Amadi-Obi, Toyin Sokefun tí a mọ̀ sí TY Bello, àti Amaize, ọmọ Ojeikere yìí kan náà, wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ Depth of Field sílẹ̀, wọ́n ń kó àwòrán ara wọn jọ, wọ́n sì ń bá ara wọn wá àléébù rẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Òkìkí tí wọ́n ní lẹ́yìn náà ti fi hàn bóyá àléébù tí wọ́n sọ fún ara wọn mú ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì.

Ẹlòmíràn yóò ní ohun tó wu ojú kan kò wu òmíràn, pé kò sí ẹni tó lè dá ẹjọ́ ẹwà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, n ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Stephen Sprague, tó ṣe ìwádìí lórí fọ́tò Yorùbá, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jáde ní 1978, ṣàkíyèsí bí àgbà wa ṣe ń jókòó ya fọ́tò: ó dojú kọ kámẹ́rà, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ ló hàn. Adájọ́ tí kò mọ̀ pé ọlá ni ìjókòó yẹn ń sọ lè pè é ní gígan. Nítorí náà, ó yẹ kí alárìíwísí kọ́kọ́ mọ ohun tí àwòrán ń lépa kó tó sọ ibi tó kù sí. Ṣùgbọ́n pé ojú kò jọra kò ní kó má sí ìdí. Nígbà tí ọ̀pá epo gbiná ní Abúlé-Ẹ̀gbá ní oṣù Kejìlá 2006, Akintunde Akinleye ya ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń fi omi fọ èéfín kúrò lójú láàrin ibi tó ti jóná, òun ló sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn World Press Photo, ní 2007. Ẹnikẹ́ni tó bá wo àwòrán náà lè sọ ohun tó mú un lọ́kàn: ènìyàn kan ló gbé ìbànújẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn rù.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe é. Ká ní ọmọ kan ní Òfíkì fi fóònù ya ìyá kan tó ń fọṣọ létí odò, lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Adájọ́ ojo yóò ní ó dára. Adájọ́ agbéraga yóò ní kò dára. Àwọn méjèèjì kò sọ nǹkan kan. Adájọ́ tó fẹ́ràn ọmọ náà yóò ní: “Ọmọ mi, ojú mi kọ́kọ́ lọ sí ọwọ́ ìyá yìí, nítorí omi tó ń kán lára aṣọ tó ń fún; ibẹ̀ ni ọkàn àwòrán rẹ wà, má ṣe fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí ojú rẹ̀. Oòrùn wà ní àtàrí, òjìji bò ó lójú. Ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì mú kí fóònù rẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, ìyá náà wá ṣú. Padà lọ ní agogo méje àárọ̀ tàbí lẹ́yìn agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ wá. Kí ìyá náà, tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì fi ìka kan ojú rẹ̀ lórí fóònù kí o tó yà á, kí fóònù lè mọ̀ pé ojú yẹn lo fẹ́ kó hàn. Igi kan hù jáde lórí rẹ̀. Sún sí ọ̀tún díẹ̀, yóò kúrò. Má ṣe fi fóònù fà á súnmọ́, ẹsẹ̀ rẹ ni kí o fi súnmọ́ ọn, nítorí gígé ni fóònù ń gé àwòrán nígbà tó bá ń fà á.” Kò sí èébú nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ ọ mọ ohun tí òun yóò dáàbò bò, ó mọ ohun tí òun yóò yí padà, ó sì mọ agogo tí òun yóò jí lọ́la.

Mo gbà pé àríwísí kan wà tó ń ba ọmọ jẹ́: ti ẹlẹ́yà, ti ẹni tó fi àṣìṣe ọmọdé ṣe àkàbà láti fi ga lójú àwùjọ. Mo sì mọ̀ pé “bá mi na ọmọ mi” kò dé inú ọlọ́mọ, pé ọ̀pọ̀ tó ní kí a bá òun wo iṣẹ́ òun, ìyìn ló ń wá. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹlẹ́yà burú, ṣé kí olùkọ́ wá yadi? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí a bá sì fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú àwọn ẹgbẹ́ ayàwòrán àdúgbò, àṣà ni pé kí adájọ́ sọ̀rọ̀ lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo ẹgbẹ́ kó tó fún un ní máàkì, láìdárúkọ ẹni tó yà á. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wò, ojú kò sì ti oníṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìfòní-dónìí fọ̀la-dọ́la. Láti 2014 ni ìdíje Wiki Loves Africa ti ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní fóònù. Ní 2017, ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ ni àkòrí rẹ̀, àkòrí tí ìdí òfì ní Ìsẹ́yìn bá mu rẹ́gí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ló ń wọ irú ìdíje bẹ́ẹ̀, adájọ́ rẹ̀ kò sì lè bá oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó. Ohun tí a kò bá sọ fún ọmọ wa nílé, kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un níta.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdíje ní Òkè-Ògùn, ohun tí mo ń béèrè kò ju èyí lọ: kí adájọ́ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bó gbẹ̀bùn bí kò gbà, ohun tó ṣe dáadáa, ibi tó kù sí, àti ohun tí yóò ṣe nígbà mìíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè ìdí. Ìdíje tí àwòrán rẹ̀ bá pọ̀ ju èyí tí adájọ́ lè fèsì sí, kó dín iye tó ń gbà kù, títí yóò fi lè fún gbogbo ẹni tó bá gbà wọlé ní èsì tó tọ́ sí i.